Ohun Tí Ìyá Kó Sínú Kẹ̀kẹ́

Ètò kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní "Kẹ̀kẹ́ Rẹ Dà?" Ó ti pẹ́ débi pé ojú wa ni irun atọ́kùn rẹ̀ ṣe funfun. Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀. Ẹni méjì á wá láti inú ilé kan. Ọ̀kan á máa sọ iye tí wọ́n ń ta ọjà, bó bá ṣe ń gbà á tó ni ìkejì rẹ̀ á ṣe ní àsìkò tó láti ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kiri inú ilé ìtajà tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, kó máa kó ohun tó bá wù ú títí agogo á fi lù. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá wọ́n jù ló gba ẹ̀bùn ńlá. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ohun tó wà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni yóò kó lọ sílé. Ó parí.

Àwọn tó kàwé máa ń bẹnu àtẹ́ lù ú. Wọ́n ní kò kọ́ èèyàn ní nǹkan kan. Mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ àwọn ètò tó ń kọ́ èèyàn ní nǹkan ti wá, wọ́n ti lọ, èyí ṣì wà, èmi sì mọ ìdí rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò ra iyọ̀ rí. Bí wọ́n bá ń béèrè orúkọ odò àti orúkọ ọba tó ti kú, èèyàn á kàn jókòó bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìwòsàn. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé géńdé ọkùnrin kan síwájú àtẹ ọṣẹ, tó ń wò bọ̀ọ̀, gbogbo ilé ló mọ̀ jù ú lọ. Ó sì lè jẹ́ pé láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò tí ì sí ẹni tó jẹ́ kí o mọ nǹkan kan ju òun lọ.

Alágbàfọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù wà níwájú, yàrá méjì tí à ń gbé wà lẹ́yìn. Mo kọ́ tẹlifíṣọ̀n sára ògiri lókè tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, kí n lè máa wò ó láì gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ọkọ mi á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n ńlá, á máa ká aṣọ, á máa wá ìbọ̀sẹ̀ tí ìkejì rẹ̀ ti sọnù. Awakọ̀ takisí kan tó máa ń kó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá á fara ti ẹnu ọ̀nà, á ní ìbéèrè kan péré ni òun fẹ́ gbọ́ kí òun tó lọ. Kò lọ rí kí agogo ìkẹyìn tó lù.

"Mú ẹran!" Ìyá á kígbe. "Ẹran ló wọ́n, òmùgọ̀! Kí lo fẹ́ fi búrẹ́dì ṣe?"

"Ìyá àgbà, ṣé ó ń gbọ́ yín ni?" awakọ̀ á béèrè.

"Tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣé á máa kó búrẹ́dì?"

Bí a ṣe ń wò ó nìyẹn, látìgbà tí ọkọ mi ti wà láyé. Òun náà máa ń pariwo, ṣùgbọ́n kò mọ iye ọjà kankan, a sì máa ń lé e lọ bu omi wá.

Nígbà tó kú, àwọn èèyàn wá. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ dídùn wá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n lọ, ilé dákẹ́. Èmi àti Ìyá ò lè wo ojú ara wa. Ojú ọmọ rẹ̀ ni mò ń rí lójú rẹ̀, èmi náà sì ń wọ bàtà ọmọ rẹ̀ kiri inú ilé. Bí ó bá fẹ́ omi, á lọ bù ú. Bí mo bá fẹ́ kó sún, màá dúró títí á fi sún. Kò sí ìjà. Kò sì sí ọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, awakọ̀ wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wo ojú wa, ó tan tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kó bébà ìnùdí sínú kẹ̀kẹ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó o bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jóná. Ó kó o títí a ò fi rí orí rẹ̀ mọ́.

Ìyá gbé ojú sókè láti inú agbọ̀n. "Ta ló fẹ́ ṣu gbogbo ìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣòkòtò oníbàárà, ó sì jó o láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Mo ra òmíràn fún un. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni èmi àti Ìyá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun pọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti Akọ̀wé. Àbúrò ọkọ mi ni, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tí mo wọlé wọn, torí kò sí ìgbà tí bírò kì í wà lápò rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni wàhálà rẹ̀. Ó kọ́ ilé tuntun, ó ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún Ìyá, ó kùn ún, ó ṣe ilé ìwẹ̀ sínú rẹ̀, ó wá jókòó sáàárín àwọn aṣọ tí mo fi kọ́, ó na ọrùn.

"Ìyá, ẹ ti ṣe làálàá tó. Àsìkò ti tó kí ìrọ̀lẹ́ ayé yín tù yín lára, kí ẹ wọ inú ìsinmi tó tọ́ sí yín."

"Ṣé mo ti fẹ́ kú ni?"

"Háà! Rárá o, Ìyá!"

"Ìwọ lo ní ìrọ̀lẹ́. O tún ní ìsinmi."

"Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ wá máa bá wa gbé."

Ìyá ká aṣọ ìnura kan, ó ká òmíràn. "Mo ti gbọ́," ló wí.

Ẹni tó bá mọ Ìyá mọ̀ pé "mo ti gbọ́" kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmọ́ Akọ̀wé gbà á sí bẹ́ẹ̀ ni, inú rẹ̀ dùn, ó sì mú ọjọ́.

Mo fẹ́ kí Ìyá dúró. Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò ní ọ̀nà míì láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́? Ọmọ rẹ̀ ló so wá pọ̀, ọmọ rẹ̀ ti lọ. Bí mo bá ní kó má lọ, àwọn èèyàn á ní ẹni tí yóò máa bá mi ká aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni mò ń wá. Bóyá òun náà á sì rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí Akọ̀wé ní ni fèrèsé tó kọjú sí igi àti ilé ìwẹ̀ tí kò jìnnà sí ibùsùn. Kí ni èmi ní? Ooru áyọ́ọ̀nù. Mo pa ẹnu mọ́. Mo rí i tí Ìyá nu àpótí aṣọ rẹ̀, tó gbé e sínú oòrùn. Òun náà rí i pé mo rí i. Ó ń retí bóyá màá sọ̀rọ̀, èmi náà ń retí kó sọ̀rọ̀, àpótí ń yá oòrùn.

Àárín ìgbà yẹn ni awakọ̀ sáré wọlé, kò tilẹ̀ kí wa.

"Wọ́n ti pè yín!"

"Ta ló pè wá?" mo bi í.

"Kẹ̀kẹ́ Rẹ Dà! Mo ti fi orúkọ yín ránṣẹ́ tipẹ́tipẹ́. Mo ní ìyá kan wà tó máa ń bú gbogbo ẹni tó bá wá síbẹ̀."

"O bà mí jẹ́," Ìyá wí. Ṣùgbọ́n ó ti ń tún gèlè rẹ̀ wé.

A jókòó, a pète rẹ̀. Ìyá ló mọ iye ọjà jù, òun ni yóò dáhùn ìbéèrè. Èmi ni ẹsẹ̀ mi yá, èmi ni yóò ti kẹ̀kẹ́. Màá kọ́kọ́ gba ibi ẹran lọ, lẹ́yìn náà bọ́tà, lẹ́yìn náà kọfí. Mi ò gbọdọ̀ wo ohun tí kò wọ́n. Ìyá mú kí n sọ ọ́ lásọtúnsọ bí ọmọ iléèwé.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa bọ́ sí ọjọ́ tí Akọ̀wé fẹ́ mú Ìyá lọ gan-an. Akọ̀wé ní kò burú, òun náà á wá wò wá, bí a bá ti ṣe tán, Ìyá á kàn wọ ọkọ̀ òun láti ibẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé àpótí aṣọ Ìyá sínú bùùtù ọkọ̀ rẹ̀. Mo pa bùùtù náà dé. Mo ṣì lè gbọ́ bó ṣe dún.

Ilé ìtajà inú tẹlifíṣọ̀n yẹn ò tóbi tó bó ṣe máa ń hàn. Ó ń rùn bí ọ̀dà àti àlùbọ́sà. Wọ́n fi wáyà kún ilẹ̀, ẹnì kan sì ń tẹ̀ lé wa kiri, ó ń nu òógùn lójú wa. Atọ́kùn wá kí wa. Wọ́n ti kun ojú rẹ̀ ní àtíkè, orúnkún ń dùn ún, ó rọra ń tẹ ẹsẹ̀ kan. Ó di ọwọ́ Ìyá mú.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń bú mi?"

"Ìwọ kọ́. Àwọn tí kì í mú ẹran ni."

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́ sọ fún un pé ètò rẹ̀ ló mú kí ilé mi sọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n wọ́n tan iná, wọ́n ní ó yá.

Àwọn tí a jọ figagbága jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí ọrùn wọn nípọn bí òpó ilé. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe tiwọn. Èyí ẹ̀gbọ́n sáré lọ síbi ẹran, ó kó o, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Wọ́n mọ eré.

Ó wá kàn wá. Atọ́kùn dúró sáàárín wa. "Ta ni yóò ti kẹ̀kẹ́?"

Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n Ìyá ti gbé ọwọ́ lé kẹ̀kẹ́.

"Èmi ni."

"Ìyá, ṣebí a ti sọ ọ́ pé..."

"Ìyàwó, dákẹ́, kí o dáhùn ìbéèrè."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo dáhùn. Mi ò mọ bí mo ṣe dáhùn. Òróró nìkan ni mo ṣì. Agogo ìbẹ̀rẹ̀ lù, àwọn tó jókòó pariwo pé, "Kẹ̀kẹ́ rẹ dà?" Ìyá dá wọn lóhùn bí ó ṣe yẹ, "Òun nìyí!" ó sì wọlé.

Ó gba ibi ẹran lọ. Mo fò sókè. "Ìyá! Ẹ kó o! Ẹ kó o!" Ó dúró, ó fi ìka tẹ ẹran kan, ó mi orí, ó kọjá lọ.

Mo rò pé ó ti gbàgbé. Mo kígbe títí ohùn mi fi há. "Ẹran, Ìyá! Ẹran!"

Ó dé ibi ọṣẹ. Ó mú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. Ó na ọwọ́ sí òmíràn, ọṣẹ funfun tí wọ́n wé sínú bébà búlúù. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi dẹ́kun igbe. Ọṣẹ kan ṣoṣo tí kì í bó ọwọ́ mi nìyẹn. Ó ṣòro láti rí lọ́dọ̀ wa. Bí ó bá tán, èyí tó ń ta èèyàn bí ata ni mo máa ń lò, Ìyá á sì máa wo ọwọ́ mi lálẹ́. Ó kó o. Ó fi apá gbá gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ náà sínú kẹ̀kẹ́.

Ó lọ síbi ẹja inú agolo. Ó ń tẹ orí agolo kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ti wú. Ó rí èyí tó tẹ̀ níkùn, ó dá a padà, ó mú òmíràn láti ẹ̀yìn, bí ẹni tí gbogbo ọjọ́ ṣì wà níwájú rẹ̀. Ìyá kì í jẹ ẹja inú agolo. Ó ní ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ oníbàárà. Èmi nìkan ló ń jẹ ẹ́ nílé wa.

Ó mú tíì tí mo máa ń mu, tó máa ń pè ní ewé gbígbẹ. Ó mú gílóòbù kan, torí ti ọ̀nà ilé ìdáná ti kú, mo sì máa ń fi ẹsẹ̀ kọ ilẹ̀kùn. Awakọ̀ ń kígbe láàárín èrò pé, "Ìyá àgbà, ẹ má dójú tì mí!" Atọ́kùn ń ka àsìkò tó kù padà sẹ́yìn. Agogo ti fẹ́ lù.

Ìyá ò yára. Ó dúró níwájú tìmùtìmù. Ó tẹ ọ̀kan, ó le. Ó tẹ èkejì. Ó wá gbé ẹ̀kẹta sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìtajà, níwájú kámẹ́rà, níwájú gbogbo ayé, ó jókòó lé e wò. Ó dìde, ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́.

Agogo lù.

Ẹ̀rín ò jẹ́ kí atọ́kùn sọ̀rọ̀ dáadáa. "Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú àwọn èèyàn! Kí ló dé tí ẹ ò mú ẹran?"

"Ẹran wà nílé," Ìyá wí. "Ọṣẹ ló tán."

"Tìmùtìmù ńkọ́?"

"Àpótí tí mo ń jókòó lé ń dun ìdí mi. Tí mo bá ń ká aṣọ."

"Ẹ ṣì ń ká aṣọ?"

"Ta ló fẹ́ bá mi ká a?"

Mo wo ibi tí Akọ̀wé jókòó. Ó ti ń pàtẹ́wọ́ bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sí àárín.

Àwọn ọlọ́rùn òpó gba ẹ̀bùn. Ó tọ́ sí wọn. Wọ́n kó ẹrù tiwa sínú páálí, wọ́n fún wa, a gbé e jáde síbi tí ọkọ̀ wà. Akọ̀wé ṣí bùùtù. Àpótí aṣọ Ìyá ló wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Níbo lò ń gbé ọṣẹ yẹn lọ?" Ìyá bi í.

"Ilé wa, Ìyá."

"Ta ló ń fi ọwọ́ fọṣọ nílé rẹ? Ṣebí ẹ̀rọ ló ń fọ tiyín. Ta ló ń jẹ ẹja inú agolo níbẹ̀?"

Akọ̀wé gbé páálí sílẹ̀. "Ìyá, ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"O ò bi mí. O wá sọ fún mi ni." Ó yí sí mi. "Ìwọ ńkọ́? O gbé àpótí mi sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ìdọ̀tí síta. Ìwọ náà ò bi mí."

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ nínú mi, ó sì ń wá bó ṣe máa dùn. Mo jáwọ́ nínú rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ ó dúró lọ́dọ̀ mi?"

"Kí lo rò pé mo fẹ́ fi tìmùtìmù ṣe?"

Awakọ̀ tó dúró lẹ́yìn wa yí ojú sí ọ̀nà míì, ó ní eruku kó sí òun lójú. Kò sí eruku kankan níbẹ̀.

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí náà jáde. Ó dì í mú lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, kò na ọrùn. "Mo kun yàrá yẹn ní àwọ̀ ewé tí ẹ fẹ́ràn."

Ìyá fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń nu ọmọdé. "O ṣeun, ọmọ mi. O ò gbàgbé àwọ̀ tí mo fẹ́ràn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́ o. Màá máa wá sùn níbẹ̀ tí mo bá wá kí yín." Ó wá fi kún un pé, "Kí o lọ ra tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀."

Ó ti rà á. Ó máa ń wá mú Ìyá lọ, ó máa ń dá a padà, kì í sì í wá láì mú ẹran dání, torí ó ní òun ti rí i pé a ò lè dá ẹran mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń tan tẹlifíṣọ̀n onítẹlifíṣọ̀n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó kó bébà ìnùdí, níbikíbi tó bá wà, kó má tán nílé rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fi tiwa hàn, ṣọ́ọ̀bù kún. Àwọn oníbàárà tí aṣọ wọn ti gbẹ wá, àwọn tí kò ní aṣọ lọ́dọ̀ mi náà wá. Akọ̀wé jókòó sórí agbọ̀n, kóòtù lọ́rùn. Ìyá wà lórí àpótí rẹ̀, tìmùtìmù lábẹ́ ìdí, ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan lọ́wọ́. Mo ń lọ ṣòkòtò kan tó ṣòro, ọwọ́ mi ò ta mí.

Ìyá arúgbó kan ti kẹ̀kẹ́ wọlé lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó dé ibi ẹran. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó mi orí, ó ń kọjá lọ.

"Mú ẹran!" Ìyá kígbe látorí àpótí. "Wò ó bó ṣe ń kọjá lọ! Òmùgọ̀!"

"Ìyá àgbà," awakọ̀ wí, "ẹ̀yin mà nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ṣé ìyẹn ní kó má mú ẹran ni?"

Mo ti mọ̀ pé màá rẹ́rìn-ín. Mo kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ṣòkòtò.